Orin Tó Ń Lọ Níwájú Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí tí kò wọlé. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo fi abẹ́rẹ́ gún àtàǹpàkò ara mi. Mo ní òwú náà ni kò dáa. Oníbàárà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní télọ̀ tó bá ń bá òwú jà, aṣọ ta ni yóò rán? Mo bá a rẹ́rìn-ín. Inú mi kò dùn rárá.

Lọ́sàn-án, mo lọ gba èsì lọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó ní omi inú ẹyinjú mi ló ń tì í látinú. Ó ti ba apá òsì jẹ́, ó sì ti ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Èyí tó ti lọ ti lọ. Oògùn tí màá máa kán sójú kò ní í dá a padà, yóò kàn bá mi di ìyókù mú — bóyá. Ó bi mí bóyá mò ń wa ọkọ̀. Mo ní rárá. Kò béèrè nípa kẹ̀kẹ́, èmi náà kò sì sọ.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Ìdíje ku ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ́ lórí òkè, nínú igbó, lórí gbòǹgbò àti òkúta. Èèyàn mẹ́rin ní ẹgbẹ́ kan, ọ̀kan péré ló ń wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá yí òkè po tó dé, yóò tú ọ̀já ọwọ́ rẹ̀, yóò so ó mọ́ ọwọ́ ẹni tó kàn nínú àgọ́. Ọdún kẹjọ wa rèé.

Tíṣà ni olórí wa. Ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ fèrè ọrùn rẹ̀ àti pátákó ìkọ̀wé rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Nọ́ọ̀sì ṣìkejì. Èmi. Àti àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, tí mò ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú ìwé yìí nítorí látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì rọra ṣe nǹkan kan rí. Òrùlé ló ń kàn. Orí igi àjà ló ti ń sáré bí ẹni wà ní pálọ̀.

Òfin wọn ni pé ẹgbẹ́ tí kò bá pé mẹ́rin, wọn yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Tí mo bá la ẹnu, mẹ́ta la kù. Tí àwọn oníbàárà bá sì gbọ́ pé télọ̀ wọn kò ríran mọ́ — ó tán. Ẹnu mi di.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀nà. Láti ẹnu géètì dé gbòǹgbò àkọ́kọ́, ogójì ìyípo ẹsẹ̀. Gbòǹgbò sí àpáta ńlá, méjìdínlógún, kí n yà sọ́tùn-ún. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí n kà dé mẹ́sàn-án kí n tó tẹ bíréèkì. Iṣẹ́ tèmi náà kúkú ni. Ohun tí a bá ti fi téèpù wọ̀n, a kì í tún fojú díwọ̀n rẹ̀.

Kíkà náà ń lọ dáadáa títí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fi la ẹnu. Orin! Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lọ níwájú mi, orin kan tó fúnra rẹ̀ hun nípa páànù tó ń jò. Ohùn bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi òróró sí rí. Ìgbà wo ló tiẹ̀ di olórin? Ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa rúsúrúsú kan tó lè jí òkú. Mo ní ó ń da ọkàn mi rú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n kọrin mi jàre. Ẹ̀dọ̀fóró mi ló ń béèrè ẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Mo rán apá ọ̀tún aṣọ oníbàárà kan sójú apá òsì. Mo tú u kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Ìtìjú ni, ṣùgbọ́n ìwé yìí kò ní ẹnu. Mi ò ka ọ̀nà mọ́ tó bá wà níwájú mi. Ọ̀fun rẹ̀ ni mò ń tẹ̀ lé. Tí orin bá lọ sílẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé nìyẹn. Tó bá yà, mo yà. Ibi tí ohùn bá gbà, ọ̀nà ni. N kò sá fún òkúta kan lónìí, bẹ́ẹ̀ ni n kò fara gbá igi kan.

A fi ìṣẹ́jú méjì yá ju ti èṣí lọ. Tíṣà fọn fèrè. "Ìwọ yìí, ọjọ́ orí ń fún ẹ lágbára ni?" Mo rò pé Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń wò mí.

Àmọ́ lọ́jọ́ ìdíje, kò ní í wà níwájú. Àfi kí n padà sí kíkà.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Nọ́ọ̀sì wá gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìgò omi rẹ̀ ka tábìlì lápá òsì, mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a dànù. "Bọ̀dá, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ó mú aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Màá sọ fún wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

N kò sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta

Ọ̀la ni. Gbogbo ọ̀nà náà ti wà lórí mi, mo lè kà á bí ọmọdé ṣe ń ka ábídí.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ó jẹ ẹ̀pà mi tán. Ó ń fi ẹsẹ̀ ti máṣíìnì. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní nǹkan tí ẹ fẹ́ bá mi sọ?" Mo ní bíi kí ni? Ó ní kò burú. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára, ó sì lọ.

Mo kàn jókòó síbẹ̀. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún mi, mo tì í padà. Lẹ́yìn ìdíje, màá sọ. Ọjọ́ kan péré ló kù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹta

Mo fi kẹ̀kẹ́ gbá àbúrò mi. Kò dìde.

Ọjọ́ Ajé, 31 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má baà fi ọjọ́ tún un ṣe.

Àárọ̀ dára. Mo yípo lẹ́ẹ̀mejì, mo kà á pé, n kò ṣubú. Lẹ́yìn aago méjìlá, òjò dé. Igi kan wó dí ọ̀nà lẹ́yìn àpáta ńlá. Wọ́n kéde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé wọ́n ti la ọ̀nà mìíràn: ẹ sọ̀ kalẹ̀ lápá òsì, ẹ yà sọ́tùn-ún fìrì létí kòtò, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀nà tí n kò kà rí. Mo jókòó nínú àgọ́. Mo wá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, n kò rí i. Mo ní ibi oúnjẹ ló wà, kò kúkú síbòmíràn.

Tíṣà dé, ó rin gbingbin. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n lọ dípò yín." Mo jágbe mọ́ ọn. Níwájú gbogbo èèyàn. Tíṣà so ọ̀já náà mọ́ mi lọ́wọ́, mo lọ.

Ogójì. Méjìdínlógún. Àpáta. Lẹ́yìn ìyẹn, òfo. Àwọ̀ ewé àti omi òjò. Mo ń rọra lọ, àwọn èèyàn ń kọjá lára mi, wọ́n ń bú mi.

Mo wá gbọ́ orin. Páànù tó ń jò. Níwájú, nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Kí ìwé yìí gbọ́ òtítọ́ — inú mi dùn. N kò rò ó. N kò bi ara mi ohun tó ń ṣe lójú ọ̀nà nígbà tí kì í ṣe òun ló kàn. Ibi tí ohùn bá wà, ọ̀nà ni. Mo jọ̀wọ́ bíréèkì, mo tẹ̀ lé e bí mo ṣe ń tẹ̀ lé e láti ọjọ́ yìí wá.

Ohùn náà kò yà. Etí kòtò gan-an ló dúró sí, tó ń kọrin, pé kí n mọ̀ pé ibẹ̀ léwu, kí n yà kí n tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ìgbà tí orin di igbe — "Ẹ yà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ yà sọ́tùn-ún!" — mo ti dé àyà rẹ̀. Òun ló lọ sínú kòtò. Èmi, ìgbọ̀nwọ́ ló bó. Bí kò bá sí níbẹ̀, èmi ni ǹ bá bọ́ sísàlẹ̀.

Àwọn tó ń kọjá sọ kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n fà á jáde. Nọ́ọ̀sì fi ọ̀já ọwọ́ mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi. Tíṣà fi ọwọ́ nu pátákó rẹ̀ láìwo ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹrin

Itan àti ìbàdí rẹ̀ ló kán. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní yóò rìn, pẹ̀lú ọ̀pá. Òrùlé, ó ti tán.

Ọ̀nà ìta ọsibítù ni mò ń jókòó sí látọjọ́ yẹn, n kò lè wọlé lọ bá a. Nọ́ọ̀sì wá jókòó tì mí. Ó ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti mọ̀ látoṣù Kejì, ọjọ́ tó rí mi tí mò ń fọwọ́ tálẹ̀ wá sísọ́ọ̀sì tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìdí tó fi ra ṣẹ́ẹ̀tì pupa rúsúrúsú nìyẹn, kí n lè máa rí i. Ìdí tó fi ń kọrin náà nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní kó bá mi sọ ọ́. Àbúrò mi ní rárá, òun kò lè já ẹ̀gbọ́n òun síhòòhò, kí ẹ̀gbọ́n òun fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi. Èmi ń tijú rẹ̀. Ohun tí àwa méjèèjì jọ fi ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo sunkún lónìí. N kò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹrin

Mo wọlé.

Yàrá gígùn, bẹ́ẹ̀dì lọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀dì lósì, oòrùn ń ti ojú fèrèsé bọ̀ wá bá mi lójú. Gbogbo rẹ̀ funfun. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ṣìlé. Mo ń retí kó pè mí. Kò pè mí. Mo mọ̀ pé ó ń wò mí, bí èèyàn ṣe máa ń mọ̀. Ẹnì kan ń fi ṣíbí lu kọ́ọ̀bù, ó dáwọ́ dúró.

Ẹ̀gbọ́n ni mí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn.

Mo sọ ọ́. Níwájú gbogbo àwọn aláìsàn, ohùn mi sì lọ sókè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo ní, "Àbúrò, mi ò rí ẹ. Mi ò ríran mọ́. Ó ti pẹ́."

Bẹ́ẹ̀dì kan dún. Ohùn rẹ̀ jáde, ó ti gbẹ, kò sí orin nínú rẹ̀ mọ́.

"Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má tíì gbésẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo wà fún yín."

Mo dúró. Ó ní bẹ́ẹ̀dì kẹta ni, lápá ọ̀tún, àga wà lójú ọ̀nà, kí n rọra. Mo ka bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta.