Onídùúró Rẹ Ń Bẹ̀rù

Ọmọ mi àgbà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, bí o bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí o bá sì ti kúrò, mo kí ọ kú ìsinmi, ṣùgbọ́n mo gbàdúrà pé kí ó jẹ́ kú iṣẹ́. Kí Ẹlẹ́dàá ṣọ́ ìjókòó rẹ, kí ó ṣọ́ ìdìde rẹ, kí ibi má mọ ojúlé rẹ. Ara mi le, àfi orúnkún ọ̀tún tí ó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí ojú ọ̀run tó mọ̀. Ara ìyá rẹ le ju tèmi lọ, ẹnu rẹ̀ sì le ju ara rẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ onígbàjámọ̀ iwájú ilé wa jẹ ọrùn aṣọ tí ìyá rẹ ń rán lọ́wọ́, nígbà tí ẹni tó ni aṣọ sì dé, ìyá rẹ sọ fún un pé aṣọ tí kò ní ọrùn ni ayé ń wọ̀ báyìí. Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì lọ.

Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé dípò kí n pè ọ́ ni pé iléeṣẹ́ rẹ ló fún ọ ní fóònù tí ò ń lò. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá sọ sínú fóònù kì í tán níbẹ̀, nítorí ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sí mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ṣì wà nínú tèmi, kò tilẹ̀ há. Bí ọ̀gá rẹ bá gba fóònù náà lọ́jọ́ kan, tí ó mì ín díẹ̀, tí ohùn mi sì já bọ́ pé ọmọ mi, jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ kíkọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ yìí dáadáa, a ti bà á jẹ́ nìyẹn. Awakọ̀ tó ń kó pákó lọ sí ìlú ńlá ni n ó fi ìwé yìí rán. Kò mọ̀wé kà, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí ìyẹn.

Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mẹrin. O ní iṣẹ́ àwòrán ilé tí ò ń yà fún wọn ní ọ́fíìsì ti sú ọ, o sì ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ. Èkíní, kí o dúró. Èkejì, kí o kúrò, kí o máa ya àwòrán fúnra rẹ nínú yàrá rẹ, kí àwọn tó fẹ́ kọ́lé máa wá ọ wá sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹta, kí o má ṣe iṣẹ́ kankan fún odidi ọdún kan. Níbi ẹ̀kẹta yìí ni mo ti wá ìjókòó. Ìyá rẹ ní kí n má gbàgbé láti mí.

O tún ní bí ilẹ̀kùn yàrá irin tó ń gbé yín lọ sókè bá ti ṣí láràárọ̀, àyà rẹ á máa lù, ọwọ́ rẹ á sì máa gbọ̀n. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbìyànjú àtẹ̀gùn. Yàrá tí kò ní fèrèsé, tí ó ń gbéra láìsí ẹni tó ń fà á, ó yẹ kó máa ba ọmọlúwàbí lẹ́rù. Ìyá rẹ ní kì í ṣe yàrá ló ń lé ọmọ òun, ọ̀gá tó wà lókè ni. Ó ní ẹni tí wọ́n ń pè ní ìwọ yẹn níwájú àlejò fún ọdún mẹ́fà, tí ọ̀gá sì ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìdí àwòrán tí ọmọ òun yà, kí ni àtẹ̀gùn fẹ́ ṣe fún un.

Jẹ́ kí n wá sọ àwọn ohun tí ń bà mí lẹ́rù. Àkọ́kọ́ ni fọ́ọ̀mù. Èmi ni mo fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onídùúró rẹ nígbà tí wọ́n gbà ọ́. Ní iléeṣẹ́ ìlagi tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bí ẹni tí o dúró fún bá lọ, ìwọ ni wọn yóò mú láti dí àyè rẹ̀. Ojú mi ló ṣe nígbà tí ọkùnrin tó ń gbá ìyẹ̀fun igi sá lọ, tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, oníwàásù pàtàkì, fi gbálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tòun ti fìlà lórí. Nítorí náà, mo ti lọ bá olùkọ́ àgbà ilé ìwé wa pé kí ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya ilé lórí kọ̀ǹpútà. Ó béèrè ìdí, n kò sọ. Mo ti ya ilẹ̀kùn kan. Ilẹ̀kùn náà dára, àmọ́ n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sára ògiri. Bí wọn yóò bá ránṣẹ́ pè mí, bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n fi mí sí yàrá ìsàlẹ̀ nítorí orúnkún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti báńkì. Àwọn ènìyàn yẹn mọ̀wà hù. Bí o bá ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi, kíá ni wọn yóò kọ̀wé sórí fóònù mi, tí wọn yóò pè mí ní oníbàárà wọn ọ̀wọ́n. Ní ìparí oṣù tó kọjá, mo dá wọn lóhùn, mo kí wọn, mo béèrè ará ilé wọn, mo sì ní bí wọ́n bá gbọ́ ohunkóhun nípa iṣẹ́ ọmọ mi, kí wọ́n má tíì gbà á gbọ́. Wọn kò fèsì títí di òní. Dídákẹ́ yẹn kò dùn mọ́ mi.

Mo sọ fún ìyá rẹ pé ẹni tí kò ní ọ̀gá kò ní ẹ̀yìn. Kò tilẹ̀ gbójú sókè láti ìdí ẹ̀rọ. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni ọ̀gá òun. Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi ṣẹ́. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ránṣọ, kò sí ẹni tó fún òun ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, kò sì sí ẹni tó lè gbà á padà. Ó ní nígbà tí iléeṣẹ́ ìlagi ní kí a lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin, ìdí ẹ̀rọ ta ni oúnjẹ ti jáde. Mo ní ọ̀rọ̀ ọmọ wa là ń sọ. Ó ní òun náà gan-an lòun ń sọ.

Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí n kò lè gbójú fò. Ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rọ ìyá rẹ wà. Bí ó bá dákẹ́ títí oòrùn fi ga, onígbàjámọ̀ yóò ké wọlé pé ṣé kò sí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa bú u, wọn a máa kan ilẹ̀kùn. Ìwọ ńkọ́? O fi yàrá rẹ hàn mí nínú fóònù lọ́jọ́sí: ibùsùn, tábìlì, ilẹ̀kùn tí o tì láti inú, àti àwọn ojú kéékèèké nínú kọ̀ǹpútà, kálukú nínú àpótí tirẹ̀. Mo sáré dé fìlà, mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. O ní wọ́n ti pa ohùn wọn ni. Ọmọ mi, ṣé àwọn tó lè pa ohùn ara wọn ni yóò ké gbàjarè nítorí rẹ?

Ohun kan wà tí a kò sọ fún ọ rí. Nígbà tí o wà ní kíláàsì kẹta, ìyá rẹ mú ọ lọ kí ìyá ìyá rẹ, èmi nìkan ló kù nílé. Mo dìde láti wẹ̀ láàárọ̀, mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa. Apá kan ara mi kò gbọ́ tèmi mọ́, ohùn kò sì jáde. Mo ń gbọ́ bí àwọn aládùúgbò ṣe ń kọjá lábẹ́ fèrèsé, tí wọ́n ń kí ara wọn, tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Akọ̀wé kan wà ní iléeṣẹ́ ìlagi tí a máa ń fọwọ́ síwèé níwájú rẹ̀ ní aago méje àárọ̀. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ kì í kíra dáadáa. Ṣùgbọ́n fún ọdún mọ́kànlá, àyè ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi kò ṣófo rí, òfìfo ti ọjọ́ yẹn kò sì jẹ́ kí ó lè jókòó. Ó gun kẹ̀kẹ́ wá sílé, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì fi èjìká já a. Nígbà tí ẹ padà dé, a sọ fún ọ pé wọ́n rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ilé ìwòsàn ni mo wà.

Nítorí náà, ohun tí ń kó mi láyà sókè nìyí: bí o bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ibo ni àyè rẹ yóò ti ṣófo tí ẹnìkan yóò fi rí i?

Mo ka ìwé yìí dé ibí fún ìyá rẹ. Ó ní ọmọ tó ń gbọ̀n kí ó tó wọlé iṣẹ́, bí ó bá ṣubú síbẹ̀, wọn yóò kàn kọ ọ́ sínú ìwé pé ó pẹ́ ni.

Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Èmi bàbá rẹ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ ṣe ti ara rẹ, ṣe é. Bí ó bá sì jẹ́ ìsinmi ọdún kan ni ara rẹ ń béèrè, n ó fara dà á. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ra fóònù tìrẹ, nítorí mo ti ra ìwé ńlá kan, mo ti fi rúlà fà á, orúkọ rẹ nìkan ló sì wà nínú rẹ̀. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lójoojúmọ́, kí o pè mí. O kò ní láti sọ ohunkóhun. Jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì, kí o pa á, n ó sì fàmì sí i. Bí o bá pẹ́, gègé pupa ni n ó fi kọ ọ́. Má bínú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú wà nínú rẹ̀.

Owó tí mo ń tọrọ kò ju owó ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ, àlọ nìkan. Kì í ṣe pé mo fẹ́ wá. Mo fẹ́ fi í sínú agolo lórí pẹpẹ, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí aago mẹ́jọ bá kọjá tí n kò gbọ́ nǹkan ni n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí yóò yá mi. Ìyá rẹ ní kí o fi tòun kún un, pé òun kò ní jókòó sílé dè mí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí owó náà gbó sínú agolo. Kí ó pẹ́ níbẹ̀ títí yóò fi di owó tí wọn kò ná lọ́jà mọ́, tí àwọn ọmọ rẹ yóò máa mú un wò, tí wọn yóò máa béèrè ohun tí bàbá àgbà fẹ́ fi rà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ àti onídùúró rẹ.