Ọjọ́ Àáró Kì Í Ṣe Owó Tó Wọlé: Ẹ Ṣí Ọgbà Mi

Ilé Adéwárá,
Ẹ̀yìn Ọjà Àtijọ́,
Ọ̀nà Arandun,
Ọ̀mù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Owó Orí,
Ọ́fíìsì Ẹkùn,
Ọ̀mù-Àrán.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi Alága,

ẸJỌ́ LÓRÍ ÌNÁWÓ IṢẸ́ TÍ WỌ́N KỌ̀ LÁTI YỌ KÚRÒ NÍNÚ OWÓ ORÍ MI, ÀTI LÓRÍ ỌGBÀ MI TÍ WỌ́N TÌ PA

1. Èmi ni Aaron Adéwárá, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbin òdòdó àti koríko sí àyíká ilé, ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀ṣì. N kò ní ọ̀gá tó ń san owó oṣù fún mi, nítorí náà kò sí ẹni tó ń bá mi yọ owó orí. Èmi fúnra mi ni mo ń gbé e wá sí ọ́fíìsì yín láti ọdún 2009. Gbogbo rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣe ẹ̀dà wọn, mo sì fi í pamọ́ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Esie, nítorí n kò mọ ọjọ́ tí iná lè jó ilé.

2. Fọ́ọ̀mù yín sọ ọ́ kedere pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ lè yọ ohun tó ná lórí iṣẹ́ náà kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí rẹ̀. Ohun tí mo béèrè kò ju èyí lọ.

3. Ní oṣù Kìíní, wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí ìnáwó ọdún 2024 wá. Ọmọ mi, Mary, ní kí n mú rìsíìtì epo àti ti ajílẹ̀ nìkan lọ. N kò gbà. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi nǹkan pamọ́. Mo gbé odindi ìwé tí mo ń kọ iṣẹ́ mi sí lọ. Kò sí ọjọ́ kan tí mo ṣiṣẹ́ tí n kò kọ sínú rẹ̀, bí òjò bá rọ̀, mo kọ òjò. Ìwé yìí gan-an ni wọ́n wá fi mú mi.

4. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá, mo tẹ́ koríko sí àgbàlá ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òkè-Onígbìn. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Èmi nìkan kò lè ṣe é. Hàmídù ará Arandun, Ebenezer ará Agbamu, àti Abdulkadir tó ń gbé ní Òkè-Onígbìn níbẹ̀ ló bá mi ṣe é. Àgbẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A jọ ń ṣe àáró: bí wọ́n bá fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣiṣẹ́ fún mi, èmi náà gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí ẹni tó ń sanwó fún ẹnì kejì. Ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń bọ́ àwọn yòókù lọ́jọ́ náà. Mo san ọjọ́ wọn pé. Mo kọ ebè fún Hàmídù, mo ro oko ẹ̀gẹ́ Ebenezer, mo ro ti àgbàdo Abdulkadir, pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro tí mo ní yìí. Mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

5. Arábìnrin Àràmídé, òṣìṣẹ́ yín tó yẹ ìwé náà wò, fi bírò pupa fagi lé ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí àwọn mẹ́ta yìí ṣe fún mi, ó ní kò sí rìsíìtì. Lẹ́yìn náà ló wá ka ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí èmi ṣe fún wọn sí iṣẹ́ mìíràn tí mo ń ṣe. Ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà lé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lórí, ó sì kọ ₦162,000 sílẹ̀ pé ó wọlé fún mi. Ọ̀gá mi, iye ọjọ́ kan náà ni! Nígbà tí wọ́n làágùn fún mi, òógùn wọn kò tó nǹkan kan. Nígbà tí mo làágùn padà fún wọn, òógùn mi di owó. Ta ló san án? Àpò mi wo ló bọ́ sí? Mo bi arábìnrin náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi, kọ̀ǹpútà wa kò ní àyè tí èèyàn lè kọ àáró sí." Mo ní kó kọ ọ́ sí bébà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fún mi lómi tútù. Omi kọ́ ni mo wá mu.

6. Ti oúnjẹ nìyí. Rìsíìtì ìrẹsì, òróró àti ẹja wà níbẹ̀, pẹ̀lú déètì ọjọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ "ìnáwó ilé" sí i lára, wọ́n fagi lé e. Ọkùnrin mẹ́rin gbẹ́ ilẹ̀ líle láti àárọ̀ nínú oòrùn, wọ́n jẹun níbi iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ yín wá ní ilé mi ló jẹ ẹ́.

7. Hàmídù tẹ̀ lé mi wá sí ọ́fíìsì yín ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kìíní láti jẹ́rìí. Kí ó tó la ẹnu, wọ́n bi í pé nọ́ńbà owó orí tirẹ̀ ńkọ́. Ẹ̀rù bà á pé òun ló kàn, ó dìde, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ kí i ní Arandun. Ìyàwó rẹ̀, Àyìsátù, ní kò sí nílé. Alùpùpù rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì gbóná. Ọdún méjìlélógún ni a ti jọ ń ṣe àáró. Kí ni mo fẹ́ fi dá ìyẹn padà?

8. Ìwé iye tí ẹ ní kí n san tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ogúnjọ́ oṣù Kìíní. Ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ pé mo ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti ta kò ó. Mo kọ ìwé àtakò ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ẹ sì lu òǹtẹ̀ yín mọ́ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì, nígbà tí mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò, àwọn òṣìṣẹ́ yín wá, wọ́n fi àgádágodo ti ọgbà tí mo ti ń tọ́ àwọn òdòdó mi, wọ́n sì lẹ bébà mọ́ ọn pé mo jẹ gbèsè owó orí. Ọjọ́ mẹ́tàlá ṣì kù nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín fún mi. Ta ló fún wọn láṣẹ?

9. Ọyẹ́ ò tíì lọ tán, oòrùn sì mú. Igba òdòdó ló wà nínú ọ̀rá dúdú níbẹ̀, mo ti ṣèlérí láti kó wọn fún ilé ìwòsàn Òkè-Onígbìn náà ní oṣù tó ń bọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń gun orí dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ògiri, tí mo ń da omi sókè wọ inú ọgbà. Àwọn tó wà létí ògiri ń rí omi mu. Kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà láàárín. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò ní kí n yé gun nǹkan. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, ẹ̀rù sì ń bà mí, ṣùgbọ́n n kò lè jókòó máa wò wọ́n.

10. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ₦162,000 yẹn kúrò. Bí ẹ bá sì ta kú pé owó ni àáró, ẹ kà á ní ìhà méjèèjì, kí ẹ kọ ti àwọn tó ṣiṣẹ́ fún mi sí ìnáwó mi, pẹ̀lú oúnjẹ wọn. Ẹ kọ̀wé sí Hàmídù pé kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Gbogbo èyí lè dúró di ọjọ́ tí ẹ bá jókòó. Kọ́kọ́rọ́ ọgbà mi kò lè dúró. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, kí òṣìṣẹ́ yín mú un wá, kó dúró tì mí kí n bomi rin àwọn òdòdó mi, kó sì tún tì í. Kò ní gbà ju wákàtí kan lọ.

11. Àgádágodo náà kò tóbi. Ẹ̀ẹ̀kan ni òòlù mi máa fọ́ ọ. N kò fọwọ́ kàn án, nítorí mo ń bẹ̀rù òfin. Ó yẹ kí àwọn tó fi í síbẹ̀ náà bẹ̀rù rẹ̀.

12. Mo ṣì ń kọ ìwé mi. Ní àárọ̀ yìí, láti orí dúrọ́ọ̀mù, mo ka mẹ́tàlélọ́gọ́rin tó ti kú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ déètì sí i. N ó tún kà wọ́n ní ọ̀la.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ibí.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ìbínú kò tíì gbà lọ́wọ́ mi,

Aaron Adéwárá,
Olùgbin òdòdó àti koríko.