Kí Màmá Tó Dé Ọ̀dọ̀ Rẹ

Sípánà, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan èyí tí kò tíì mọ̀ mí lójú. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kí ó má bá ẹnikẹ́ni lórí ìdùbúlẹ̀, kí iṣẹ́ máa wọlé ní ṣọ́ọ̀bù, kí èjìká tó ń dùn ọ́ náà sì ti jẹ́ kí o sinmi. Ní tèmi, ara le. Ọkàn ni n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Màmá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa wọ̀, wọ́n á sì ti dé kí o tó ti ṣọ́ọ̀bù. Àpò méjì ni wọ́n gbé dání, èyí aláwọ̀ búlúù àti èyí tí Bàámi máa ń gbé rìnrìn àjò. Wọn ò wá kí yín lásán, wọ́n ń kó bọ̀ ni. Mo mọ̀ pé ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ ni pé, “Kí lo fi Màmá ṣe?” Bí o ṣe máa ń bèèrè nìyẹn, o kì í bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, o jàre. Wá ibì kan jókòó kí o tó máa kà á lọ.

Màmá fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní, “Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún gbogbo ayé gbọ́. Ìwọ náà ni kó o sọ ọ́ fún àbúrò ẹ. Ẹnu tèmi ò ní í sọ ọ́ mọ́.” Nítorí náà, gbọ́. Kí Màmá tó mọ Bàámi rárá, wọ́n ti bí ọmọ kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n nígbà náà, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n nílé àwọn kan, ọkùnrin tó fún wọn lóyún nínú ilé yẹn ló sì lé wọn jáde kí ikùn tó yọ síta. Nígbà tí ọmọ pé ọjọ́ mọ́kànlá, tí wọn ò ní ibùsùn, tí ọmú ò sì sun mọ́, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan láfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilẹ̀kùn, wọ́n sì lọ. Ọmọbìnrin ni. A ní ẹ̀gbọ́n níbì kan, Sípánà, tàbí a ti ní in rí. Èmi kọ́ ni àkọ́bí.

Ọdún tí Bàámi kú ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ìwọ ti padà síbi iṣẹ́, àwa méjèèjì ń ká aṣọ Bàámi sínú páálí. Màmá ká ṣòkòtò kan, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká, wọ́n wá ní, “Bàbá ẹ lọ láìmọ̀.” Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n ní, “Inú ẹ ni kó kú sí o.” Mo ní, “Ibẹ̀ náà ló máa kú sí, Màámi.”

Kò kú síbẹ̀. O rántí ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wáyé àfi èmi àti àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo jókòó láti kọ èkejì, ọdún kan gbáko ni n kò rí nǹkan kan kọ. Ìgbà tí mo bá di pẹ́ńnì mú, ọmọ orí bẹ́ǹṣì yẹn nìkan ni mò ń rí. Mo bá kọ ìtàn rẹ̀. Mo yí ìlú padà, mo yí iṣẹ́ padà, mo sọ pé aránṣọ ni obìnrin inú ìwé náà. Mo ní bí mo ṣe pa á láró tó yìí, ta ni yóò dá a mọ̀? Òótọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ju ìyẹn lọ, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́. Mo mọ̀ pé Màmá ò mọ̀wé kà ni. Orí àìmọ̀wé ìyá mi ni mo dúró lé kọ ìwé yẹn.

O mọ̀ bí wọ́n ṣe dọ́gbọ́n sí i fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nílé ìfọṣọ ọsibítù. Àwọ̀ òwú tí wọ́n fi rán etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi ń mọ wọ́ọ̀dù tí ó ti wá, pupa fún àwọn aboyún, àwọ̀ ewé fún àwọn ọmọdé. Wọ́n fẹ̀yìn tì, ọ̀gá wọn ò sì fura rí pé wọn ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn.

Ìwé náà rìn. Kò rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ó rìn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn kan tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ò lè kún bọ́ọ̀sì kan. Àwòrán mi jáde nínú ìwé ìròyìn, mo dijú nínú rẹ̀. Ọ̀gá iléèwé wa ní kí àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà ni mo wọ kíláàsì lọ máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá ogójì ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Nígbà tí wọ́n pè mí láti wá kàwé ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, ẹni mẹ́tàlélógún ló wá, òjò ló sì lé mẹ́fà nínú wọn wọlé. Mò ń kàwé lọ, àga tó ṣófo ni mò ń wò. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn: bí wọ́n bá yìn ọ́ díẹ̀, ebi ìyìn á wá máa pa ọ́ ju ti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò yìn ọ́ lọ.

Gbólóhùn kan wà lójú ìwé ọgọ́rin tí gbogbo wọn fẹ́ràn. “Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó kọjú sọ́nà, kò sì bojúwẹ̀yìn.” Òun ni àwọn tó fún mi lẹ́bùn kà sókè. Òun ni oníwèé ìròyìn kọ sábẹ́ àwòrán mi. Sípánà, èmi ni mo dá a sọ. Màmá ò sọ fún mi bóyá wọ́n bojúwẹ̀yìn tàbí wọn ò bojúwẹ̀yìn, n kò sì bèèrè. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó dùn létí.

Lọ́jọ́ tí mo kàwé yẹn, obìnrin kan dúró dè mí títí gbogbo èèyàn fi lọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún. Nígbà tó yá ó ní, “Mo ti rò pé èmi nìkan ni.” Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ni mo fi ń tan ara mi jẹ láti ọjọ́ náà. Bí ẹ̀rí ọkàn bá fẹ́ gún mi, mo máa ń sọ pé ìwé mi ń ṣe àwọn èèyàn lóore.

Lọ́dún tó kọjá, Màmá jẹun àárọ̀ tán, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà níwèé. Mo ní, “Màámi, kí lẹ fẹ́ fi ìwé ṣe lọ́jọ́ orí yìí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọmọ tèmi kọ̀wé, gbogbo ayé ń kà á, èmi ìyá ẹ̀ wá ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ọmọ tuntun. Ṣó dáa bẹ́ẹ̀?” Mo yára kó abọ́ kúrò nílẹ̀.

Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wọn, Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Orí Màmá ń pé ju bí mo ṣe rò lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ka ara páálí ìṣáná, tí wọ́n ń ka pátákó gbogbo ṣọ́ọ̀bù sókè lójú títì. Lọ́jọ́ kan wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan tí wọ́n ti ń gbà kọjá fún ogún ọdún, wọ́n fi ìka tọ lẹ́tà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: “Má tọ̀ síbí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní àwọn ti rò pé orúkọ onílé ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bóyá ìyẹn ni ìgbà tá a rẹ́rìn-ín pọ̀ kẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ìwé mi kúrò nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wé e. Ojú ìwé kan lójúmọ́, lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìka lábẹ́ ọ̀rọ̀, ẹnu ń mì. Èmi tó yẹ kí inú mi máa dùn, ńṣe ni mò ń yọjú wo ibi tí wọ́n dé. Mẹ́wàá. Ọgbọ̀n. Nígbà tí wọ́n dé àádọ́ta, mo gbé ìwé náà pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Wọ́n wá a títí, mo ń bá wọn wá a. Lọ́jọ́ kejì wọ́n yá ti Tíṣà wá sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dé ọgọ́rin. Mo ti iléèwé dé, ilé kún fún èéfín, ìkòkò ti jóná lórí iná, Màmá sì jókòó sórí àga náà, wọn ò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi wà lójú ìwé yẹn. A ń kí ara wa ní àárọ̀, a ń kí ara wa ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n kà á lọ títí dé òpin, torí wọn kì í ṣe ẹni tó ń fi aṣọ sílẹ̀ láìfọ̀ tán.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, “O mọ̀wé kọ.” Wọ́n pa ìwé náà dé. “Ṣùgbọ́n mo bojúwẹ̀yìn. Mo bojúwẹ̀yìn títí mo fi kọlu ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ ojú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà. Lẹ́ẹ̀kejì ni mo rí i tí nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn. Gbogbo àwọn tó ka ìwé ẹ, nǹkan tí wọ́n mọ̀ nípa mi ni pé mi ò bojúwẹ̀yìn.” Mo wólẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. N ó sọ èyí náà fún ọ, bó ti wù kó burú tó: bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ yẹn, tí ojú ń tì mí, ohùn kan ń sọ nínú mi pé, “Èyí mà dáa ju èyí tí mo kọ lọ.” Irú ẹni tí mo ti dà nìyẹn.

Màmá ò ní kí n sun ìwé náà. Wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ kan yẹn ṣá. Sọ fún wọn kí wọ́n yọ ọ́.” Àkókò náà gan-an sì ni wọ́n fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá tó ń tẹ̀wé mi nínú yàrá rẹ̀ tí páálí ìwé kún dé òrùlé. Kò bínú, ńṣe ló rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ìwé yìí.” Ó na èèpo ẹ̀yìn ìwé tuntun sí mi, gbólóhùn náà ló wà níbẹ̀ gàdàgbà, lẹ́tà pupa. Mo lè purọ́ fún ọ pé mo jà. N kò jà. Mo rí orúkọ mi lójú èèpo náà, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì wù mí. Mo ní, “Ó dáa, sà.” Mo mu tíì tí wọ́n gbé fún mi.

Nígbà tí mo délé, Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ṣé wọ́n máa yọ ọ́?” Mo ní wọn ò ní í yọ ọ́. Wọ́n ní, “Ṣé o bẹ̀ wọ́n?” Wọ́n wò mí, wọn ò pariwo, wọn ò ṣépè. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Wọ́n wọlé lọ, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àpò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Jọ̀ọ́, má wá bá mi jà títí wọ́n á fi fìdí kalẹ̀. Má sì bi wọ́n léèrè ọmọ náà, àyàfi tí wọ́n bá fẹnu ara wọn dá a sílẹ̀. Wá tábìlì kékeré kan sí ojú fèrèsé fún wọn. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti ń fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sínú ìwé àjákọ kan. Bí mo bá wọlé, wọ́n á fi apá bò ó. N kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, n kò sì ní í mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá bi ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kan, sọ fún wọn, kí o sì gbójú síbòmíràn.

Kí Ọlọ́run bá mi tọ́jú wọn lọ́wọ́ rẹ. Kí ilé rẹ tù wọ́n lára ju tèmi lọ. Kí àwọn ọmọ rẹ má fi ohun tí o bá sọ fún wọn ní kọ̀rọ̀ ṣe ọjà, kí ìwọ náà má sì rí irú ojú tí Màmá fi wò mí lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ.

Mo tún rántí: bí Màmá bá bèèrè bóyá mo kọ̀wé sí ọ lóòótọ́, má kà á fún wọn. Gbé lẹ́tà yìí lé wọn lọ́wọ́, wọ́n lè kà á fúnra wọn. Ibi tí mo bá ti purọ́ mọ́ wọn, kí wọ́n fi pẹ́ńsù fagi lé e.