Ọ̀mọ̀wé Àlá-ọ̀sán àti Àwọn Igi Ìyá Rẹ̀

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1979 ni a bí olóògbé, ní yàrá ẹ̀yìn ilé tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Káfíńtà ni bàbá, ọmọ káfíńtà. Nọ́ọ̀sì ni ìyá, ọmọ àgbẹ̀. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́ta. Lọ́dún tí wọ́n bí i ni ìyá gbin igi ìbòji mẹ́wàá sí ẹ̀yìn ilé, ẹ̀gbẹ́ wọn ni wọ́n sì máa ń tẹ́ ẹní fún ọmọ náà. Á lajú sílẹ̀, á máa wo bí ewé ṣe ń mì, kò ní sunkún, kò ní rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀mẹta tó dáhùn, wọ́n dúpẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ Àlá-ọ̀sán ti bẹ̀rẹ̀, ó sì bá a dé yunifásítì.

Ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé lọ́dún 1985. Olùkọ́ rẹ̀ kọ̀wé sílé pé ọmọ náà mọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ló ń gbé. Lọ́dún 2006 ó fi ayàwòrán kan ṣe ọkọ, ẹni tó wá ya ìkùukùu òwúrọ̀ nínú igbó, tó sì ṣìnà níbẹ̀ kí wọ́n tó pàdé. Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ. Lọ́dún 2008 ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ olú àti àwọn ìbátan olú, àwọn ohun tín-ín-tín tí ń wọnú igi tí ń jẹ ẹ́ kú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbọ́ pé ó ti di dókítà, ó gbé orúnkún tó ń dùn ún wá. Olóògbé ní àfi bí orúnkún náà bá jẹ́ igi.

Ọdún 2007 ni ìyá ti kú. Ọ̀fọ̀ náà mu bàbá lómi. Ó rìnrìn àjò lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókè òkun, ó rí igi kékeré kan níbẹ̀ tó jọ tìyàwó rẹ̀, ó fi aṣọ tútù wé e sínú báàgì, ó sì gbìn ín ṣe ìkọkànlá.

Lọ́dún 2009, àìsàn dá bàbá wólẹ̀. Inú igbó kan tí àrùn ti ń pa igi ni olóògbé wà nígbà tí wọ́n pè é. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ẹni tó bá ń jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi oògùn fọ bàtà rẹ̀, kó má baà kó àrùn lọ síbòmíràn. Ọkàn rẹ̀ ti fò lọ, kò fọ ọ́. Ẹrẹ̀ igbó ló gbé gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Bàbá gbádùn, ṣùgbọ́n kí ọdún méjì tó pé, igi ìyá ń gbẹ láti orí wá, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí gbogbo wọn fi tán. Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó ní, “Bàtà rẹ ló pa igi ìyá rẹ.” Ó sọ fún aládùúgbò, ó sọ fún àwọn tó ń ta pákó, ó sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Hàáà, ó sọ ọ́ jù! Láti ọjọ́ náà, ẹnu géètì ni olóògbé ti ń bọ́ bàtà, ìbáà jẹ́ nínú òjò.

Lọ́dún 2012 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe lẹ́yìn oyè wọn. Ó ń tọ ìran àwọn apanigi wọ̀nyí sẹ́yìn: ta ló bí ta, ìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n pínyà pẹ̀lú àbúrò. Nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo nǹkan a máa pa lọ́lọ́. Fọ́nrán funfun a máa hù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú àwo gíláàsì. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bí òun bá tẹjú mọ́ wọn pẹ́, òun a máa rí igbó tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tíì tẹ̀, tí ẹgbẹ̀rún ọdún ń kọjá níbẹ̀ bí afẹ́fẹ́. Kò sọ fún un pé ara igi ìyá òun ni òun ti gé ohun tó wà nínú ọ̀kan nínú àwọn àwo náà.

Kì í pa ìsìn jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ kejì orin ló sábà máa ń bá wọn níbẹ̀. Ó ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé bí a ṣe ń tọ́jú igi. Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì ló mú un lọ, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ọdún 2023. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ rẹ̀ rí ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ti ọdún 2014. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tó pa igi ìyá òun kì í ṣe ìran ti inú igbó rárá. Ìran méjèèjì ti pínyà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ilé kọ́. Ti òkè òkun ni, níbi tí igi kékeré yẹn ti wá. Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ pé: “Mi ò ní sọ fún Bàbá. Ìyá mi ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kó má tún lọ rò pé òun ló pa igi rẹ̀.” Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi mọ̀, tó sì ń bọ́ bàtà lẹ́nu géètì síbẹ̀.

Bàbá ní kí wọ́n kà á fún òun. Wọ́n kà á. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ni yóò wá. Kí wọ́n kà á.”

Olóògbé fi bàbá rẹ̀, ọkọ rẹ̀, ọmọbìnrin kan, ọmọkùnrin kan, àti ẹ̀gbọ́n méjì sílẹ̀. Kò dúró de ọmọ-ọmọ.

Bàbá ní kí àwọn ẹbí fi èyí parí rẹ̀ fún òun: Àlá-ọ̀sán, ọmọ ìyá rẹ, èmi ni mo gbé àrùn náà wálé. Foríjì mí. Bí o bá rí ìyá rẹ, má ṣe bò mí láṣìírí mọ́. Sùn, ọmọ mi, kí ilẹ̀ tù ọ́ lára.