Tíṣà ni mo pè é

Sátidé, lẹ́yìn ìrun alẹ́

Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa lónìí àbí mo ba nǹkan jẹ́.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ń dín ẹja lọ́wọ́, ni mo bá pe Ràfíátù, àbúrò ọkọ mi tó ń bá wa gbé ní Ìgàndó níbí, lórúkọ rẹ̀ gan-an.

Màmá ní, "Ìyàwó, ọmọ tó o bá nílé ọkọ lò ń pè lórúkọ báyẹn? O ò fún un ní orúkọ tìẹ?"

Mo kúnlẹ̀. Ọkọ mi ní, "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ jàre, Èkó la wà." Ràfíátù ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀: "Àǹtí, ẹ má pè mí ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ o, ẹ ṣáà rí bí mo ṣe sanra!"

Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? Ibi tí ojú ti ń tì mí ni "Tíṣà mi" ti bọ́ lẹ́nu mi.

Màmá ní, "Tíṣà? Kí ló ń kọ́ ẹ?"

Gẹ̀ẹ́sì ni, tí ọkọ mi bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Praímárì fọ́ọ̀ ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ọkọ mi ò sì bi mí nípa rẹ̀ rí. Mo ṣáà sọ ọ́. Ọkọ mi wò mí, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín.

Màmá ní àwọn fẹ́ gbọ́ gẹ̀ẹ́sì náà lẹ́nu mi láàárọ̀ ọ̀la. Ṣé kí wọ́n lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àbí inú wọn dùn sí i?

Ẹ̀rù ń bà mí. Síbẹ̀, ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ ti mọ́.