Ìpara Tí Màmá Gbé Pamọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Awọ ara ọmọ mi, ọmọ ọdún méjì, máa ń gbẹ, á sì máa yún un, á họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Ọkọ mi tó jẹ́ télọ̀ fi àjákù aṣọ òtútù onírun rán ìbọ̀wọ́ fún un, kó má baà họra mọ́. Háà, àfi bíi pé ó da epo síná! Nọ́ọ̀sì ní ká yáa bọ́ ọ, aṣọ òwú ló dáa fún un. Ó tún bi mí pé, “Ṣé ó ń rí oorun sùn?” Mo ní rárá. Ó ní ìyẹn ló fi hàn pé ó ti le. Ó ní tá a bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, ká fi ìpara pa á lára lójoojúmọ́, kódà tí ara bá ti dán.

Ara ti ń dán báyìí, ọmọ ń sùn fọnfọn. Ni ìyá ọkọ mi bá gbé ìpara pamọ́: “Ṣé ẹni tára ẹ̀ ti yá ṣì ń lo oògùn ni?” Ọkọ mi ní òun ò lè bá ìyá òun jiyàn. Ojo!

Màmá kì í pàdánù ètò yín lórí rédíò. Bí ẹ ṣe ń ka lẹ́tà yìí, ọmọ náà wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹ sáà bá mi bẹ ìyá àgbà kan tó ń gbọ́ yín: ẹ gbé ìpara náà jáde, Màmá, kí oorun ọmọ yín má baà dá.