Ọ̀pá Tí Màmá Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Kó Dànù

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara wa le níbí. Ikọ́ Màmá ti lọ. Lánàá, àwọn tó ń bá èèyàn kó pàǹtí gbé ọkọ̀ wá kó yàrá olóògbé Bàámi. Òkú rédíò nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ọkọ̀ náà. Màmá kàn ń wò wọ́n, àfìgbà tí wọ́n gbé ọ̀pá kan jáde, irú èyí tí arọ ń kì bọ abíyá, àmọ́ ti ọmọdé ni. Ó gbà á, ó nù ún, ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo bi í pé ta ló ni ín. Ó ní, "Bi ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ṣé ẹ̀yin lẹ lò ó ni, àbí èmi? Àbí ẹnì kan wà láàárín wa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún mi.

Kí Ọlọ́run dá àwa ọmọ Màmá sí, iyekíye tí a bá jẹ́.

Àbúrò yín